Ọmọ Ilé-Ìwé Ni Ákítọ̀: Ìtàn Fíìmù Kọ́ńfú Apanilẹ́rìn-ín

  Nínú ìwé ìpàdé bí irú èyí, ìtàn ilé-ìwé wa àti ti àwọn tó ṣáájú wa ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ohun kan tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé tí ìjọba ní kí a kà: fíìmù Ṣáínà.

Ta ni nínú àwa tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà tí kò mọ “ákítọ̀” àti “bọ́ọ̀sì”? Ákítọ̀ ni ẹni tí kì í kú. Bọ́ọ̀sì ni ẹni tí yóò kú, ṣùgbọ́n ó di ìparí. Bí ẹnì kan bá rí fíìmù tuntun lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí agogo ìsinmi bá fi máa lù lọ́jọ́ Ajé, gbogbo pápá ti di Shaolin. Àwọn tíṣà wa ní fíìmù wọ̀nyẹn ń bà wá jẹ́. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi orí jì wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá wọn ro ẹjọ́ lónìí, pàápàá àwọn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ìtàn ilé-ìwé ni wọ́n, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkàn wa fi fà mọ́ wọn.

Kí ẹ̀rín tó dé, ìbínú ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Bruce Lee ló gbé fíìmù kọ́ńfú dé gbogbo ayé. The Big Boss jáde ní 1971, Fist of Fury ní 1972. Bí Bruce Lee bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀rù kì í bà á, ẹni tó bá lù kì í dìde. Ṣùgbọ́n ní ogúnjọ́ oṣù Keje 1973, ó kú ní Hong Kong, ọmọ ọdún 32. Àwọn oníṣòwò fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ sọ àwọn kan ní Bruce Li àti Bruce Le, kí ojú wa lè ṣì. Lo Wei, tó darí fíìmù méjèèjì tí mo dárúkọ yìí, mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jackie Chan, ó fi í ṣe New Fist of Fury ní 1976, ó ní kó máa bínú bíi Bruce Lee. Ọjà náà kò tà. Ojú ọmọ náà dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ẹran nínú ìkòkò. Ìbínú kò bá a mu rárá.

Ẹ̀rín sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ní 1974, Michael Hui ṣe Games Gamblers Play, àwàdà lórí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́, ní èdè Cantonese tí àwọn ará Hong Kong ń sọ nílé. Owó ńlá ló pa. Ní 1975, Lau Kar-leung ṣe The Spiritual Boxer fún ilé-iṣẹ́ Shaw Brothers, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń díbọ́n pé òrìṣà ń gun òun, kó lè rí nǹkan jẹ. Òun ni ọ̀pọ̀ kà sí fíìmù kọ́ńfú apanilẹ́rìn-ín àkọ́kọ́.

1978 ni ọ̀rọ̀ wá dé góńgó. Lo Wei yá ilé-iṣẹ́ Seasonal ní Jackie Chan fún fíìmù méjì, Yuen Woo-ping ló sì darí méjèèjì. Nínú Snake in the Eagle's Shadow, Jackie jẹ́ ọmọ òrukàn tó ń gbálẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ńfú, tí àwọn tíṣà ibẹ̀ sọ di àpò ẹ̀ṣẹ́. Bàbá arúgbó kan tó ṣe lóore ló wá kọ́ ọ níjà. Nínú Drunken Master, oníjàngbọ̀n ọmọ ni, tí bàbá rẹ̀ fi lé olùkọ́ ọ̀mùtí kan lọ́wọ́. Yuen Siu-tien, bàbá tó bí Yuen Woo-ping gan-an, ló ṣe olùkọ́ nínú fíìmù méjèèjì.

Ẹ rántí ìyà ibẹ̀. Olùkọ́ ní kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rọ̀ lókè, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kó máa fi ife kékeré bu omi láti ìsàlẹ̀ lọ dà á sínú ohun tó wà lókè. Àwa tí wọ́n ti ní kí a gé pápá, kí a kúnlẹ̀, kí a nawọ́ sókè, a mọ ohun tí à ń wò. Èyí tó dùn jù ni ti ìparí. Oríṣi ìjà mẹ́jọ ni olùkọ́ ní kó kọ́. Ó kọ́ méje, ó fo ìkẹjọ, nítorí pé ti obìnrin ni, ó ní kò yẹ ọkùnrin. Bọ́ọ̀sì dé, méje kò ràn án, ìkẹjọ gan-an ló nílò. Ibi tí kò kà ni ìbéèrè ti wá! Ló bá fi orí ara rẹ̀ gbé èyí tó fò kalẹ̀, ó sì yege. Ta ni kò tíì jókòó báyìí rí nínú gbọ̀ngàn WAEC?

Orúkọ ọmọ yẹn nínú fíìmù ni Wong Fei-hung. Ẹni gidi ni, oníṣègùn àti olùkọ́ kọ́ńfú ní Guangdong, tí wọ́n bí ní 1847. Láti 1949 ni òṣèré kan tó ń jẹ́ Kwan Tak-hing ti ń ṣe é, nínú fíìmù tó lé ní 70, gẹ́gẹ́ bí àgbà ọlọ́gbọ́n tí kì í ṣìwà hù. Drunken Master wá béèrè bí bàbá yìí ṣe rí ní kékeré, ó sì dáhùn pé ìpátá ni. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi hàn wá pé pírínsípà wa náà fo ọgbà rí.

Ìyàtọ̀ Jackie sí Bruce Lee nìyí: bí ó bá lu èèyàn tán, á máa gbọn ọwọ́, nítorí ó dun òun náà. Á sá. Bí àga bá wà nítòsí, á fi àga jà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn aláwàdà Amẹ́ríkà ti ayé fíìmù tí kò lóhùn, Buster Keaton àti Harold Lloyd. Lloyd rọ̀ mọ́ aago lára ilé gíga nínú Safety Last! ní 1923. Ní 1983, Jackie rọ̀ mọ́ aago nínú Project A, ó sì já lulẹ̀ ní tòótọ́; aṣọ ìbòòji méjì ló gbà á kó tó balẹ̀. Nínú Police Story (1985), ó yọ̀ wálẹ̀ lórí ọ̀pá tí wọ́n fi gílóòbù yí ká, ọwọ́ rẹ̀ sì jóná. Ní ìparí àwọn fíìmù rẹ̀, ó máa ń fi ibi tó ti kùnà àti ibi tó ti farapa hàn wá. Ẹ̀rín wa sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ òkìtì yẹn? Ní Kowloon, ní Hong Kong, bàbá kan tó ń jẹ́ Yu Jim-yuen ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, China Drama Academy, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní opera Peking, ìyẹn eré tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń fi idà jó, tí wọ́n sì ń ta òkìtì. Àdéhùn ọdún gbọọrọ ni àwọn òbí ń fọwọ́ sí. Ti Jackie jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ bí ọdún méje ni, àwọn òbí rẹ̀ sì ti rí iṣẹ́ sí Ọsirélíà. Sammo Hung ni sínníọ̀ wọn, Yuen Biao ni àbúrò. Láti kùtùkùtù ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ dúró, tí ẹsẹ̀ wà lókè. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, pàṣán ni. Jackie kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ (1998) pé sínníọ̀ yẹn náà fi ojú àwọn rí màbo. Ẹ̀yin tí ẹ gbé bọ́dìn, n kò ní sọ púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, opera kò lọ́jà mọ́. Sinimá ti kó òǹwòran lọ. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n lè jábọ́ dípò ákítọ̀. Jackie wà lára àwọn tí Bruce Lee lù nínú Enter the Dragon (1973). Ìwé kíkà ńkọ́? Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé kíkà àti kíkọ nira fún òun.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé pàṣán ló sọ wá di èèyàn. Èmi kò lè fi ìtàn yìí gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ pàṣán kan náà ní Kowloon tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lónìí. Bó bá jẹ́ pàṣán ni, gbogbo wọn ni ìbá di Jackie Chan. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ní ilé yẹn, àwọn ọmọ náà ni ọwọ́ ọ̀tún ara wọn. Nígbà tí ọ̀nà là fún Sammo, kò gbàgbé àwọn tí wọ́n jọ jìyà. Òun, Jackie àti Yuen Biao jọ ṣe Project A, wọ́n ṣe Wheels on Meals ní 1984, títí dé Dragons Forever ní 1988.

Lọ́dún 1988 yẹn náà, Alex Law ṣe fíìmù nípa ilé-ẹ̀kọ́ wọn, Painted Faces. Ta ló ṣe Yu Jim-yuen, olùkọ́ onípàṣán? Sammo Hung ni! Ẹni tó jẹ pàṣán ló wá mú pàṣán dání. Ì bá fi ṣe ẹ̀sín, kó fi gbẹ̀san. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn wá bàbá tó le, tó sì ń wò bí iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ṣe ń kú lójú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn òṣèré tó dára jù lọ ní Hong Kong fún un. Olùkọ́ náà kú ní 1997.

Ní 2004, Stephen Chow ṣe Kung Fu Hustle. Bàbá onílé àti ìyàwó rẹ̀ tó ń pariwo mọ́ àwọn ayálégbé níbẹ̀, Yuen Wah àti Yuen Qiu, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n. Yuen Wah yìí ló máa ń ta òkìtì dípò Bruce Lee. Orúkọ “Yuen” yẹn, láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wọn ni. Ti Yuen Woo-ping yàtọ̀, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ní sẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà wa, nígbà tí à ń fi olùkọ́ ọ̀mùtí rẹ́rìn-ín, kì í ṣe yín ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àyàfi ẹni tó bá mọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo Drunken Master pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo Painted Faces, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n ra ẹ̀rín náà. Bí ẹ bá sì rí ẹnì kan nínú sẹ́ẹ̀tì wa tí ọ̀nà kò tíì là fún, ẹ ṣe fún un bí Sammo ti ṣe.