Ilé àlejò sàfárì ní Sabi Sand

Sabi Sand jẹ́ ilẹ̀ ẹranko aládàáni ní ìpínlẹ̀ Mpumalanga, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Odò méjì, Sabie àti Sand, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun àti Kruger, ilẹ̀ ẹranko ti ìjọba, jọ pààlà. Ní 1993 ni wọ́n tú wáyà tó wà láàárín méjèèjì, láti ìgbà náà ni ẹranko ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ má pè é ní ọgbà ẹranko. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ létí ìyá àgbà, ibi tí wọ́n ti ń há kìnnìún mọ́, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọn yóò rò. Igbó náà kò bá a mu tán, nítorí igi ibẹ̀ kò dí. Ọ̀dàn ni.

Ní Kruger, ẹ lè wa ọkọ̀ ara yín, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní Sabi Sand, ilé àlejò ló ń gbé yín jáde nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, lẹ́ẹ̀kan ní ìdájí, lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, fún bíi wákàtí mẹ́ta. Awakọ̀ ni afinimọ̀nà yín. Atọpasẹ̀ a jókòó sórí àga kékeré níwájú ọkọ̀ gan-an. Àwọn ọdẹ wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: kí ó wo ipasẹ̀ nínú iyanrìn, kí ó mọ̀ bóyá ti òní ni tàbí ti àná, kí ó gbọ́ igbe ọ̀bọ tó rí ẹkùn. Bí ó bá ti rí i, ọkọ̀ lè yà wọ inú koríko tẹ̀lé e.

Ẹkùn ni ibẹ̀ fi lókìkí jù. Orúkọ yìí máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú, nítorí àwọn ìwé kan ń fi ẹkùn pe ẹranko onílà ti Éṣíà, wọ́n sì ń pe alámì tóótòtó ní àmọ̀tẹ́kùn. Ẹranko onílà yẹn kì í gbé Áfíríkà. Alámì tóótòtó ni àwọn baba wa ń pè ní ẹkùn.

Ọ̀pọ̀ ilé àlejò ibẹ̀ kò ní ọgbà tó lè dá ẹkùn tàbí kìnnìún dúró. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má dá rìn láti yàrá lọ síbi oúnjẹ, bí ẹ tilẹ̀ ń rí iná ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni yóò wá mú yín. Nínú ọkọ̀, ẹ má dìde dúró: ọkọ̀ lódindi ni ojú ẹranko ti mọ́, ẹni tó bá dìde ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ibà wà níbẹ̀, pàápàá ní àsìkò òjò. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Àwọn òbí wa bá ibà dàgbà, ṣùgbọ́n agbára tí ara wọn fi ń dènà rẹ̀ kì í ṣe ogún. Ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston kò ní in, òbí tó sì ti pẹ́ nílùú òyìnbó ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì lo oògùn náà tán, àní lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà délé.

Owó yàrá wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ìjáde méjèèjì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò kì í gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà jáde, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, koríko ti gbẹ, ẹranko sì ń wá sétí omi, ojú yóò tètè rí wọn. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání. Òtútù ìdájí nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé kì í ṣe kékeré.