Etíkun Tí Wọ́n Gbà Lọ, Tí Wọ́n sì Gbà Padà

Òbí tó bá fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan mú ọmọ rẹ̀ kiri àwọn ìlú etíkun wa, ọ̀nà kan náà ni àwọn amọ̀nà sábà máa ń mú wọn tọ̀. Ní Àgbádárìgì, wọn á fi àgọ́ tí Sẹ̀ríkí Williams Abass ń há ẹrú mọ́ hàn wọ́n, wọn á fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá sí Gbẹ́rẹ́fú, wọn á dúró nídìí kànga tí wọ́n ní ẹrú tó bá mu nínú rẹ̀ á gbàgbé ilé, ó di etí òkun, ó parí. Bí wọ́n bá sọdá ibodè dé Ouidah, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ má rí ìwọ̀nyí. Àmọ́ bí ìrìn náà bá parí síbẹ̀, ààbọ̀ ìtàn ló gbọ́. Àwọn kan padà. Etíkun yìí kan náà ni wọ́n gbà wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà nílẹ̀ téèyàn lè fọwọ́ kàn.

Ẹ wo Àgbádárìgì fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ bọ̀ wá sílé. Ní 1844, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Sierra Leone, Mohammed Shitta, bá àwọn òbí rẹ̀ dé ìlú náà, bàbá rẹ̀ sì di lémọ́ọ̀mù àwọn Mùsùlùmí Sàró níbẹ̀. Lọ́dún kejì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì CMS parí. Òwò ẹrú kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ létíkun wa nígbà náà! Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló wá di olówó ní Èkó, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894, tí Sultan Tọ́kì sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Òdòdó tí wọ́n mọ yọ lára ògiri iwájú rẹ̀, iṣẹ́ João Baptista da Costa ni, Àgùdà kan, ìyẹn orúkọ tí à ń pe àwọn tó ti Brazil padà bọ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Brazil tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè rò pé wọ́n ṣì í kọ́ ni: ilé gogoro méjì níwájú, ọ̀dà aláràbarà lára. Wọn kò ṣì í kọ́. Bíríkìlà àti káfíńtà tó mú iṣẹ́ Bàhíà bọ̀ kò ní ti Kìrìsìtẹ́nì lọ́tọ̀, kó ní ti Mùsùlùmí lọ́tọ̀. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ló sì pọ̀ nínú ọ̀tẹ̀ oṣù Kìíní, 1835 ní Bàhíà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ ni àwọn adúláwọ̀ tó ti ra ara wọn padà lára, tí ọ̀pọ̀ fi wọkọ̀ bọ̀.

Ẹnìkan lè ní àwọn tó padà kò tó nǹkan. Òótọ́ ni: ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni wọ́n lára àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 12 tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ láti gbé sọdá Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò padà kò lè kọ́lé síbí. Lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ yìí nìkan la ti lè rí ohun tí ẹni tí wọ́n tà fi orí àti ọwọ́ rẹ̀ ṣe. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, mú ìyàwó àti ọmọ bọ̀ láti Bàhíà, ó sì kọ́ Water House sí Kákàwá ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta omi kànga fáráàlú.

Àtakò tó wúwo jù ni pé àwọn mìíràn nínú wọn padà wá ta èèyàn. Abass tó ni àgọ́ ọ̀hún, wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú rí. Lójú tèmi, ìdí gan-an nìyí tí kò fi yẹ kí a ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀. Àgọ́ nìkan á kọ́ ọmọ pé ẹni ibi ń bẹ, ẹni ire ń bẹ. Kákàwá àti Àgbádárìgì lọ́jọ́ kan náà á jẹ́ kó bi òbí rẹ̀ ní ìbéèrè tó le.

Ọ̀nà tí àlejò ń tọ̀ tún lọ́wọ́ sí ilé tó máa dúró. Ilé Ìlójò ní Tinúbú ní Èkó, iṣẹ́ Àgùdà ti 1855, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin kò gbà á sílẹ̀. Mo gbà pé bí àwọn òbí bá ti ń mú ọmọ wọn débẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú wọn dé Gbẹ́rẹ́fú, ẹni tó bá fẹ́ wó o á kọ́kọ́ ro ó lẹ́ẹ̀mejì.