Ebè Onígi Lẹ́yìnkùnlé: Ìtàn Omi, Ẹja àti Pákó

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi ní Àjàó Estate láìpẹ́ yìí. Òun náà ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, ilé iṣẹ́ tó wà sì ti fún un lówó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùnlé. Ó rí àpótí pákó méjì tí mo gbé sórí búlọ́ọ̀kù, tí ewé ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ kún inú wọn, ó sì rí táǹkì ẹja àrọ̀ nísàlẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi owó mi ṣe irú èyí, mẹ́wàá gbáko. Káfíńtà kan ti bá mi ṣírò ẹ̀. Àmọ́ ṣé nǹkan òyìnbó yìí máa ń pẹ́ ṣá?"

Mo ní kó jókòó. Ìbéèrè méjì ló bi mí pọ̀ mọ́ra: ṣé nǹkan òyìnbó ni, àti ṣé ó máa ń pẹ́. Ìtàn ló máa dáhùn méjèèjì. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ronú irú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹja ń jẹun, ó ń yàgbẹ́, ó sì ń tu amóníà sínú omi. Bí amóníà bá pọ̀, yóò pa ẹja náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan á fa omi náà gòkè sínú àpótí tí òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú wa ò lè rí ń gbé lára òkúta yẹn. Apá kan nínú wọn á sọ amóníà di náítráìtì, apá kejì á sọ náítráìtì di náítréètì, èyí tó jẹ́ oúnjẹ fún ewé. Ewé á jẹ tirẹ̀, omi tó ti mọ́ á sì ṣàn padà sọ́dọ̀ ẹja. Sergei Winogradsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Rọ́ṣíà, ló ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí ní nǹkan bí ọdún 1890.

Lóòótọ́, òyìnbó ló kó o pọ̀ báyìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn New Alchemy Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so ẹja mọ́ ewébẹ̀ nínú ilé ọ̀gbìn. Lẹ́yìn wọn ni James Rakocy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virgin Islands fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, láti nǹkan bí 1980. Ní 2014, àjọ FAO gbé ìwé ńlá kan jáde tó kọ́ni bí ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré ṣe lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ẹja àti ewé jọ máa ń gbé? Àwọn Aztec ní Mẹ́síkò ti ń kó ẹrọ̀fọ̀ jọ sínú adágún, wọ́n ń sọ ọ́ di ebè gíga tí wọ́n ń pè ní chinampa, wọ́n sì ń fi igi di etí rẹ̀ mú. A ṣì lè rí irú ẹ̀ ní Xochimilco títí dòní. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ ronú sí àkùrọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko òkè bá gbẹ, etí odò làwọn ìyá wa ń lọ gbin ẹ̀fọ́ sí, nítorí omi ti gbé ọ̀rá ilẹ̀ wá síbẹ̀. Ebè tí a ń kọ fún iṣu náà, kí ni? Ilẹ̀ tí a gbé sókè ni, kí gbòǹgbò lè ráyè, kí omi má sì rì í.

Ẹ tún kọjá sí Kútọnu, kí ẹ wo adágún Nokoué níbi tí ìlú Ganvié wà lórí omi. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń gún ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sínú omi tí kò jìn, wọ́n ń pè é ní acadja. Nǹkan wẹ́wẹ́ tútù á hù lára igi náà, ẹja epìyà á wá jẹ ẹ́, á sá pamọ́ síbẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹja. Igi nínú omi, ohun abẹ̀mí lára igi, ẹja lẹ́yìn wọn: àbí ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá ohun tó wà lẹ́yìnkùnlé mi ni? Àmọ́ acadja ní àléébù tirẹ̀. Igi tó ń jẹ pọ̀ gan-an, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó etí omi ibẹ̀ dínkù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ní Èkó níbí, Oníkan ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹja sísìn wò, ní nǹkan bí 1951. Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀. Mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kékeré nígbà náà. Wọ́n ní kí gbogbo wa dáko sẹ́yìnkùnlé, kí a sin adìẹ, wọ́n sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko nígbà ìsinmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí n má parọ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àrọ̀ wà nínú táǹkì oníkọnkéré lẹ́yìnkùnlé káàkiri Èkó. Àwọn àgbà ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pákó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Àpótí mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó fẹ̀ ní mẹ́rin, ó jìn ní ọ̀kan. Bí òkúta wẹ́wẹ́ àti omi bá kún un, ìwọ̀n rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀. Bíi kí èèyàn gbé mọ́tò kékeré kan sórí búlọ́ọ̀kù ni. Nítorí náà, pákó rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní igi ìdábùú kó má baà bẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó le. Inú rẹ̀ la máa ń tẹ́ tapólì sí kí omi má kan igi.

Nígbà tí mo ṣe àkọ́kọ́, mo ra pákó tó rọjú. Ikán ń bẹ ládùúgbò wa, nítorí náà mo ní kí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ti lò tán kùn ún, bí a ṣe máa ń kun igi òrùlé. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, ẹ̀bi mi ni. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan fọ epo náà sínú táǹkì. Àrọ̀ máa ń yọrí sókè láti mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí omi gan-an ni epo náà sì tẹ́ sí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ogójì nínú ọgọ́ta ẹja mi ti kú. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé korobá wá, a jọ ń kó wọn.

Ọmọ Oko Bàbá ni mí, ìyẹn ló dùn mí jù. Ibi ìlagi ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Mo ti rí gẹdú tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n fi léfòó lórí ọ̀sà láti ìhà Ẹpẹ àti Òkìtìpupa wá sí Èkó. Bàbá mi mọ igi tí ikán kì í jẹ: ìrókò, àpá, ọ̀pẹ̀pẹ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ yìí le débi pé òyìnbó ń rà á láti fi ṣe èbúté ọkọ̀ ojú omi. Títí dòní, ní ọjà pákó gbogbo àgbáyé, iroko, opepe àti afara ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ Yorùbá ni. Orúkọ wa dúró sójú ọjà, igi náà fúnra rẹ̀ ti wọ́n nínú igbó wa.

Nígbà tí igi líle wọ́n, májèlé ni ayé fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1933, Sonti Kamesan, ọmọ Íńdíà, ṣe oògùn igi tí wọ́n ń pè ní CCA. Kọ́pà, kirómíọ́mù àti ásẹ́níìkì ló wà nínú rẹ̀. Ó dára fún òpó iná, àmọ́ májèlé ni ásẹ́níìkì. Àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà fúnra wọn gbà láti má fi ṣe pákó ilé gbígbé mọ́ láti ìparí ọdún 2003. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi irú pákó bẹ́ẹ̀ gbin ohun tí ọmọ máa jẹ.

Ohun tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Mo bi í léèrè ohun tí káfíńtà rẹ̀ fẹ́ fi kun pákó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Epo ẹ́ńjìnnì náà ni, sà."

Mo ní kó má ṣe mẹ́wàá. Kó ṣe ẹyọ kan, kó fi ọdún kan wò ó. Kó wá pákó líle tó ti lò rí, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára ilé àtijọ́ tí wọ́n bá wó; ara rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí mo fi ṣe méjì tó wà nílẹ̀ yìí. Bí kò bá rí, kó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá sì fi pákó lásán ṣe é, kó má fi nǹkan kan kùn ún, kó mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan òun á pààrọ̀ rẹ̀. Kó sì ní bátìrì tàbí sólà fún ẹ̀rọ omi, nítorí bí iná bá lọ, kòkòrò inú òkúta ò ní dúró dè wá.

Nítorí náà, bóyá ó máa pẹ́, igi tí a bá fi ṣe é ló máa sọ. Bóyá nǹkan òyìnbó ni, ẹ̀yin náà ti gbọ́. Ó di ṣọkọ méjì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó pè mí lánàá pé òun ti dá owó mẹ́sàn-án dúró, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan. Inú mi dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ igi, ẹ kọ̀wé sí mi. Ó dìgbà mìíràn o.