Bí Jumia ṣe ń rí owó

Jumia jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìtajà orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ní ọdún 2012. Ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni owó ń gbà wọlé fún un: owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń tajà lórí ìkànnì rẹ̀, ọjà tí òun fúnra rẹ̀ ń tà, owó ìpolówó, àti owó iṣẹ́ bíi kíkó ẹrù ránṣẹ́ àti ìsanwó. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọjà tó wà lórí ìkànnì náà kì í ṣe ti Jumia, owó tí àwọn oníbàárà ń san pọ̀ ju èyí tí ó ń kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ fíìfíì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ títí di òpin ọdún 2024, kò sí ọdún kan tí Jumia jèrè.

Ìtàn ní ṣókí

Àwọn tí wọ́n dá Jumia sílẹ̀ ni Jeremy Hodara, Sacha Poignonnec, Túndé Kẹ́hìndé àti Raphael Afaedor, pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ Rocket Internet, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Berlin, orílẹ̀-èdè Jámánì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Jumia fúnra rẹ̀ ni ó ń ra ọjà, tí ó ń kó o pamọ́, tí ó sì ń tà á. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìkànnì rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò mìíràn láti pàtẹ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò New York. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ tà á ni dọ́là 14.50 fún ìpín kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé

Kọmíṣọ̀n: Nígbàkígbà tí oníṣòwò kan bá ta ọjà lórí ìkànnì náà, Jumia yóò yọ ìdá kan nínú owó ọjà náà. Ìdá yìí kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ọjà. Ó máa ń kéré lórí fóònù àti ẹ̀rọ, níbi tí èrè oníṣòwò kò ti pọ̀, ó sì máa ń ga lórí aṣọ àti ohun ìṣaralóge. Bí àpẹẹrẹ, bí oníbàárà bá ra bàtà ní 20,000 náírà, tí kọmíṣọ̀n sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, 2,000 náírà ni yóò jẹ́ ti Jumia. Oníṣòwò ni ó ni 18,000 tó kù, lẹ́yìn àwọn owó iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n bá yọ.

Ọjà tirẹ̀: Jumia ṣì ń ra àwọn ọjà kan fúnra rẹ̀ láti tún wọn tà. Gbogbo owó tí oníbàárà san lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà sí owó tó wọlé, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ náwó láti rà á, àdánù tirẹ̀ sì ni bí kò bá tà.

Ìpolówó: Oníṣòwò tàbí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ọjà rẹ̀ hàn níwájú àwọn yòókù lè sanwó fún un.

Kíkó ẹrù ránṣẹ́ àti ìsanwó: Àwọn oníbàárà ń san owó ìfiránṣẹ́, àwọn oníṣòwò sì ń sanwó kí wọ́n lè kó ọjà wọn pamọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí Jumia. JumiaPay ni ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ìsanwó.

Iye ọjà tí wọ́n tà àti owó tó wọlé

Àròpọ̀ iye gbogbo ọjà tí wọ́n tà lórí ìkànnì yàtọ̀ sí owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2024, iye ọjà tí wọ́n tà lórí Jumia jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 720 dọ́là, ṣùgbọ́n owó tó wọlé fún un jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 167 dọ́là. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò, àdánù nǹkan bí mílíọ̀nù 66 dọ́là ni ó kù.

Iye ọjà yìí ni ọ̀pọ̀ olùdókòwò fi ń wo bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà, nítorí náà ó ṣe pàtàkì kí ó jẹ́ òótọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Jumia fúnra rẹ̀ kéde pé òun rí àwọn ìbéèrè ọjà kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́ tí wọ́n sì fagi lé lẹ́yìn náà. Èyí mú kí iye ìbéèrè ọjà dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bí ó ti rí lọ.

Ibi tí owó ń gbà jáde

Kíkó ọjà dé ọwọ́ oníbàárà ni ó ń jẹ owó jù nínú irú òwò yìí. Owó epo, ojú ọ̀nà tí kò dára àti àdírẹ́sì tí kò ṣe kedere máa ń mú kí ìrìn àjò ẹrù kan ṣoṣo gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì fẹ́ láti sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹni tó béèrè ọjà kò bá gbà á mọ́, ẹrù náà yóò padà, owó ìrìnnà méjì yóò sì ṣòfò láìsí títà. Ìdí nìyí tí Jumia fi ṣí àwọn ibùdó tí oníbàárà ti lè lọ gba ẹrù wọn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọkọ̀ yóò já ẹrù ọ̀pọ̀ ènìyàn síbẹ̀.

Ìṣòro mìíràn ni iye owó ilẹ̀ òkèèrè. Náírà àti owó àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà mìíràn ni Jumia ń gbà, ṣùgbọ́n dọ́là ni ó fi ń ṣírò owó rẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí páùn Íjíptì sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọjà kan náà di owó tó kéré nínú ìṣirò.

Àtúntò láti ọdún 2022

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Hodara àti Poignonnec fi ipò olórí sílẹ̀, Francis Dufay sì gba ipò náà. Ilé-iṣẹ́ náà dín òṣìṣẹ́ tó lé ní 900 kù, ó sì dín ìnáwó ìpolówó kù. Ní òpin ọdún 2023, ó ti Jumia Food pa, ẹ̀ka tí ó ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́. Ní òpin ọdún 2024, ó kúrò ní Gúúsù Áfríkà àti Tùnísíà, ó sì ku orílẹ̀-èdè 9.

Ọ̀nà láti jèrè kò gbòòrò. Bí Jumia bá fi kún kọmíṣọ̀n, àwọn oníṣòwò lè fi kún owó ọjà tàbí kí wọ́n lọ tà á níbòmíràn. Bí ó bá fi kún owó ìfiránṣẹ́, oníbàárà lè padà sí ọjà àdúgbò rẹ̀. Konga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012 bákan náà, àti Temu láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2024, wà lára àwọn tí wọ́n ń bá a du oníbàárà kan náà.