Omi Mọ́ Lójú, Àrùn Ń Bẹ Nínú

Bí ìyá mi bá fẹ́ ra ẹja lọ́jà, imú ló kọ́kọ́ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti ń rùn, ó di kó máa lọ nìyẹn. Mo rò pé ọgbọ́n yẹn tó, àfìgbà tí mo ka ìtàn àwọn tó ń sin ọ́sítà ní Ọsirélíà.

Ọ́sítà jẹ́ ẹran omi tó ní ìkarahun méjì tó pa dé mọ́ra. Kì í wá oúnjẹ kiri. Omi ló ń fà sínú, tó ń sẹ́, tó sì ń jẹ ohun tó bá kù. Bí ìgbẹ́ ènìyàn bá wọ omi náà, kòkòrò àrùn á jókòó sí i nínú. Bẹ́ẹ̀ tútù ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń jẹ ẹ́!

Ní 1978, ó lé ní 2,000 ènìyàn tó ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ọ́sítà odò Georges, nítòsí Sydney. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló mú wọn. Fáírọ́ọ̀sì Norwalk ló fà á, kòkòrò tó kéré débi pé 1972 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ awò alágbára rí i. Nígbà tó yá, òfin dé: kí àgbẹ̀ máa kó ọ́sítà sínú àgbá omi mímọ́ fún wákàtí 36, kó lè tu ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, kó tó dọ́jà.

Ṣé ó wá tán? Kò tán o. Ní November 1996, òjò ńlá rọ̀ sí agbègbè adágún Wallis, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Wọ́n kó ọ́sítà ibẹ̀ sínú àgbá, wọ́n tà á. Nígbà tí 1997 fi máa bẹ̀rẹ̀, ojú àwọn tó jẹ ẹ́ ti ń pọ́n bí ìyeyè: jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni! Wọ́n ju 400 lọ, ẹnì kan sì kú. Bakitéríà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ́sítà mọ́ a máa tètè bọ́ kúrò nínú àgbá. Fáírọ́ọ̀sì a lẹ̀ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n ń ṣọ́, olè ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ láre. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ omi? Àgbẹ̀ kan kò lè tún ṣáláńgá gbogbo ìlú ṣe.

Lónìí, àyẹ̀wò wà tó ń wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ fún gbogbo ayé jáde ní 2017. Síbẹ̀, kò lè sọ bóyá kòkòrò náà ṣì wà láàyè. Nítorí náà, àtòkè ni ká ti ṣọ́ omi: ká mọ ibi tí ìgbẹ́ ń gbà wọ odò, ká sì ti oko ọ́sítà pa bí òjò ńlá bá rọ̀.

Ìyá mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ jẹ ohun odò láìsè é jinná dénú. Èmi náà ti wá mọ ìdí rẹ̀.