Aro Kì í Ṣe Ibi Tí À Ń Kó Èèyàn Dànù Sí



Tí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu lórí WhatsApp, kì í pẹ́ tí ẹlòmíì á fi fèsì pé, "Ẹ gbé e lọ sí Aro!" A ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ò mọ bí Aro ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà kàn wá, torí àwọn ará abúlé bíi tiwa ló wà nídìí rẹ̀.

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ ní Yaba lọ́dún 1907 fún àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Nígbà tó di 1944, wọ́n ṣí òmíràn sí Lantoro, l'Abẹ́òkúta, fún àwọn sójà tó ti ojú ogun bọ̀ tí ọpọlọ wọn ò sì pé mọ́. Ká sòótọ́, àtìmọ́lé ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923, ó sì lọ sí Baptist Boys' High School. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, ó tún kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní Aro ní 1954, wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Ẹlòmíì ì bá jókòó máa retí bíríkìlà. Òun tọ àwọn àgbà abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n gbà? Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, ó sì bá wọn ṣètò omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá. Owó ilé ń wọlé fún onílé, aláìsàn náà sì ń ríbi gbé.

Òfin kan wà tí Lambo ò fi ṣeré: aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ẹbí mìíràn kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó. Bó bá yá, wọ́n á padà sábúlé, níbi tí iṣẹ́ oko, ijó àti ìjọsìn wà bíi tilé.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ń là á yé e bí àwọn èèyàn wa ṣe ń wo àìsàn ọpọlọ, wọ́n sì ń bójú tó àwọn ètò tó ń kó aláìsàn jọ lábúlé. Ẹ má rò pé àwọn bàbá yìí ò mọ nǹkan kan o. Asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń wo wèrè tipẹ́, mọ̀lẹ́bí ewéko ilẹ̀ Íńdíà tí àwọn òyìnbó ti yọ oògùn reserpine jáde lọ́dún 1952 ni.

Òkìkí Aro kàn. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé l'Abẹ́òkúta. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ láti Cornell ní Amẹ́ríkà wá bá Lambo ṣèwádìí láàárín àwọn Yorùbá. Ìgbà tó yá, ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ó kú ní 2004.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ohun tí Lambo rí ni pé oògùn nìkan ò tó: ẹbí àti àdúgbò wà lára ìtọ́jú. Lónìí, a máa ń gbé èèyàn wa lọ, a ó sanwó, a ó sì yẹra. Àwọn kan tiẹ̀ ń dè é mọ́lẹ̀ nílé àdúrà tàbí lẹ́yìnkùlé. Òótọ́ ni pé ayé ti yí. Agbo ilé ti tú ká, àwọn ọmọ wà l'Ékòó, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó ti aláìsàn fún oṣù mẹ́ta?

Ìyẹn ni mo fi mú àbá yìí wá. Bí ẹnì kan bá kú láàárín wa, kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti ń wọlé sí àpò ẹgbẹ́. Bí ọpọlọ ẹnì kan bá dàrú, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́, ká lè fi gbọ́ bùkátà mọ̀lẹ́bí kan tó máa tẹ̀lé aláìsàn lọ, tó máa rí i pé ó lo oògùn rẹ̀ tó bá dé ilé. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ dípò òfin wèrè ti 1958. Òfin yẹn ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò lè báni se ọbẹ̀, kò sì lè báni sùn tì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ sì tọ́jú ẹni tó bá wà nílé yín.