Ogun, Tánganran àti Òkúta Ẹ̀gbẹ̀: Bí Nigerite Ṣe Gba Orúkọ

Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkòkòmáíkò, yanrìn àti ẹrẹ̀ ni yóò bá pàdé. Òkúta kírísítálì, èyí tí ó hù nínú ilẹ̀ pẹ̀lú igun tó ṣe déédéé àti ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè lọ́hùn-ún ni ibùgbé rẹ̀. Bébà yìí dá lé ọ̀kan tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, nigerite, tí a kọ́kọ́ rí ní agbègbè Ẹ̀gbẹ̀, ìlú àwọn Yàgbà. Kì í ṣe ìfẹ́ òkúta aláràbarà ni ó gbé àwọn olùwádìí débẹ̀; ogun ni.

Nígbà tí Jàpáàní gba Malaya ní 1942, ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tánganran bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ojú wọn wá yí sí Nàìjíríà. Ní Jọ́s, wọ́n fi ipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sí ibi ìwakùsà láti 1942 sí 1944. Freund ti kọ̀wé tó gún régé lórí ìyẹn ní 1981. Ti Kàbà ni a kò sọ tó. Níbẹ̀, R. Jacobson àti J. S. Webb, òṣìṣẹ́ Geological Survey of Nigeria, yẹ àwọn òkúta pegmatite tí tánganran ń wà nínú wọn wò, ìwé wọn sì jáde ní 1946. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni wọ́n bá nigerite pàdé: pẹlẹbẹ kékeré onígun mẹ́fà, aláwọ̀ igi. Ní London, Bannister, Hey àti Stadler fi X-ray wò ó, wọ́n sì tú èròjà rẹ̀ palẹ̀: tánganran, síńkì, irin àti alumíníọ̀mù. Ní 1947 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún ayé.

Orúkọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n fún un. Kò sí Ẹ̀gbẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí Yàgbà. Bóyá ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ béèrè àwọn tí ó ru ẹrù, tí ó fọ́ òkúta, tí ó sì mọ ọ̀nà igbó. Ẹnu àwọn àgbà ni a ti lè gbọ́ ọ, ẹni tí ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1945 ti lé ní 90 báyìí.

Ní 2002, ìlànà ìsọlórúkọ tuntun sọ òkúta náà di ferronigerite-2N1S. Ilẹ̀ rẹ̀ pàápàá ti pààrọ̀ orúkọ: ó kúrò ní Ẹkùn Kàbà, ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì di ti Kogí ní 1991. Ẹni tí ó bá ń wá Kogí nínú ìwé 1947 yóò wá a tì.